Ta Ló Wà Nínú Rẹ̀?

“Ta ló wà nínú rẹ̀?” Láníhùn béèrè.

“Kò sí ẹnìkan,” Ìbídùn dá a lóhùn.

“Ọwọ́ ta ni?”

“Ọwọ́ ẹ̀rọ ni.”

Iná kékeré orí tábìlì yí sí àwọ̀ ewé. Láti ìgbà tí òfin ọwọ́ ẹ̀rọ ti jáde ni wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fetí sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Ìbídùn ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa ìbojú sílẹ̀. Yàrá tó wà ní Ṣakí kúrò lójú rẹ̀. Ilé Òkè ló kù.

Ilé Òkè ni gbogbo ènìyàn ń pe ibùdó tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́ sójú òfurufú, tó ń yí ayé po láìdúró. Láti ìgbà tí àwọn tó gbé inú rẹ̀ kẹ́yìn ti sọ̀ kalẹ̀, Sítẹ́pàn nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Róbọ́ọ̀tì ni Sítẹ́pàn, ó ní orí, ó ní èjìká, ó ní ìka márùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí Ìbídùn bá na apá ní Ṣakí, Sítẹ́pàn á na apá lókè. Bí Sítẹ́pàn bá di irin mú, Ìbídùn á mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ bóyá irin náà tutù tàbí ó gbóná.

Wọ́n ti yan Ìbídùn fúnra rẹ̀ rí pé kó fò. Ó lo ọdún méjì ní Rọ́ṣíà, ó kọ́ èdè wọn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn nínú àpò tí wọ́n so mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni dókítà kan gbé nǹkan lé e láyà, ó tẹ́tí sí i fún ìgbà pípẹ́, ó pe dókítà mìíràn pé kí òun náà wá gbọ́. Bó ṣe padà sílé nìyẹn. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò máa wọ ìbọ̀wọ́ ní Ṣakí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sítẹ́pàn ni ibi tó súnmọ́ òkè jù tí ọkàn rẹ̀ lè gbé e dé.

“Ọkọ̀ ti dé ẹnu ilé,” Láníhùn wí. Òun ni ọ̀gá yàrá náà, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí kì í bọ́ súwẹ́tà nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. “Mú irin tó wà lápá òsì. Rọra o.”

“Mo ti mú un, sà.”

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ọ̀hún gbéra. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló péjọ sí yàrá ìjẹun láti wò ó lójú amóhùnmáwòrán. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wo bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe ń rán ènìyàn lọ sókè, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó tún máa ń bu oúnjẹ sẹ́nu. Yìnyín bo pápá gbalasa tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró sí. Àwọn apá irin tó dì í mú ṣí sẹ́yìn, iná bú jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bíi pé kò ní lè gbé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wọnú kùrukùru. Ènìyàn méjì ló fẹ́ lọ: Rusakófù, ọ̀gá ọkọ̀, àti Lídíà, obìnrin oníṣẹ́-ẹ̀rọ tí kò tíì lọ rí. Kí wọ́n tó wọlé, òṣìṣẹ́ òfin dúró níwájú wọn pẹ̀lú kámẹ́rà.

“Ṣé ẹ gbà kí ọwọ́ ẹ̀rọ kàn yín?” ó béèrè lọ́wọ́ Lídíà.

“Mo gbà.”

Ó kọjú sí Rusakófù, ó bi í bákan náà.

“Mi ò gbà,” ni Rusakófù wí. “Ọwọ́ ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ kàn mí. Bí mo bá jí o, bí mi ò bá jí o.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Ilé Òkè, tí ènìyàn ṣì ń jáde sí gbangba òfurufú, róbọ́ọ̀tì kan di àbúrò Rusakófù mú níbi tí iná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan fẹ́ ti bú jáde. Ọmọkùnrin náà ń pariwo pé kó fi òun sílẹ̀. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nísàlẹ̀ rò pé òun ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, kò sì tú u sílẹ̀ títí iná fi dé. Nítorí ọ̀ràn náà ni òfin ṣe jáde. Ọwọ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kan ẹnikẹ́ni tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Bí ó bá ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kó kàn án, àwọn ìka á di pa, wọn kò ní ṣí.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Lídíà ló kọ́kọ́ jáde, ó ń léfòó, ó ń ti orí bọ inú ilé bí ẹni tó ń yọ jáde nínú omi. Ó rí Sítẹ́pàn, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàbọ̀,” Ìbídùn fi èdè Rọ́ṣíà kí i láti ẹnu róbọ́ọ̀tì.

“Ẹ ṣé. Ṣé nǹkan ń rùn lọ́dọ̀ yín ni?” Lídíà fa imú. “Ó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́.”

Sítẹ́pàn kò ní imú. Ṣùgbọ́n Ìbídùn mọ ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ tutù ni, bó bá ti jò, tó di èéfín, májèlé ni.

“Páìpù ló jò,” Rusakófù ké láti inú ọkọ̀. “Mo ti rí i. Ẹ dúró síbẹ̀, mo fẹ́ tì í.”

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fi nǹkan lu irin. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Lídíà pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Ó wọlé padà, kò sì pẹ́ tó fi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń kóra jọ lójú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, kò dà sílẹ̀ nítorí kò sí ibi tó lè dà sí. “Mi ò ríran,” ó wí. “Ó ti dákú. Okùn ìjókòó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mi ò lè fà á.”

Ìbídùn ti Sítẹ́pàn wọnú ọkọ̀. Ẹ̀rọ kì í mí, èéfín kò ní ohun tí yóò fi í ṣe. Rusakófù wà lẹ́bàá páìpù, ó dojú dé, apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Ìbídùn na ọwọ́ sí i. Àwọn ìka rẹ̀ di pa nínú ìbọ̀wọ́, bí ẹni pé wọ́n dà á ní sìmẹ́ǹtì.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ìka tú. Ó wá okùn kan, ó fẹ́ jù ú yí ọkùnrin náà lára. Bí okùn ṣe fẹ́ kàn án, ìka tún di pa. Lójú òfin, ohun tí ẹ̀rọ bá dì mú, ọwọ́ ẹ̀rọ náà ni.

“Ìbídùn,” Láníhùn pè é. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ilé Ìdarí Rọ́ṣíà ní kí o ti ilẹ̀kùn.”

“Ènìyàn wà nínú ẹ̀, sà.”

“Mo mọ̀. Bí o ò bá tì í, èéfín á gba gbogbo ilé, àwọn méjèèjì ló máa kú.”

Lídíà ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dijú, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà lára ògiri. Ìbídùn dínà mọ́ ọn, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìka kò di pa, nítorí Lídíà ti gbà lójú kámẹ́rà. Ó fà á jáde sínú ilé.

“Ẹ fi mí sílẹ̀!” Lídíà ń pariwo. Ó ń ta ìpá. “Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ní kí ẹ fi mí sílẹ̀!”

Báyìí ni òfin fẹ́ ẹ. Kó di obìnrin yìí mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, kó fi ọwọ́ kejì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin yẹn. Kò ní sẹ́ni tó máa bá a wí. Ìbídùn gbọ́ ìpá Lídíà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, egungun ẹsẹ̀ tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ronú pé báyìí náà ni ọwọ́ ẹni yẹn ṣe gbọ́ ọ nígbà tí àbúrò Rusakófù ń pariwo.

“Má sọ ọ́,” Láníhùn wí. Ó ti dìde lórí àga. “Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ. Má sọ ọ́.”

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan, sà.”

“Bí o bá sọ ọ́, ìwọ gan-an lo wà níbẹ̀ yẹn. Bí ọkùnrin yẹn bá kú sí ọ lọ́wọ́, ìwọ lo pa á. Bó bá yè, o ò ní wọ ìbọ̀wọ́ mọ́ láyé ẹ. Ó sì fúnra ẹ̀ ní òun ò fẹ́. O gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ.”

Òótọ́ ló sọ. Bàbá Ìbídùn ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé kí wọ́n má gbé òun lọ sílé ìwòsàn mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ pẹ̀lú agídí, Ìbídùn ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́. Bàbá náà kú sórí ibùsùn ara rẹ̀. Títí di òní, kò kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí ènìyàn bá ní òun ò fẹ́, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Ẹni yìí ń ti páìpù ni.

“Èmi ni,” Ìbídùn wí. “Èmi Ìbídùn Adéṣọkàn. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀.”

Iná orí tábìlì kúrò ní àwọ̀ ewé, ó pọ́n: lójú òfin, ọwọ́ ẹ̀rọ ti di ọwọ́ ènìyàn. Láníhùn jókòó padà.

Ìbídùn tú Lídíà sílẹ̀, ó ní kó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí ìka rẹ̀ kò di pa. Ó já okùn ìjókòó kúrò lẹ́sẹ̀ Rusakófù. Ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á. Ẹnu ọ̀nà náà kò fẹ̀, èjìká ọkùnrin náà kọ́ sí etí ilẹ̀kùn, bó sì ṣe jẹ́ pé títì tí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tì nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó tún un fà. Ọwọ́ Sítẹ́pàn lágbára ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Egungun apá ọkùnrin náà ṣẹ́. Ìbídùn gbọ́ ọ nínú ìbọ̀wọ́, bí igi gbígbẹ.

“Yéè!” ó kígbe ní Ṣakí. “Yéè!” ni Sítẹ́pàn náà kígbe lókè.

Rusakófù jáde. Ìbídùn ti ilẹ̀kùn. Lídíà wá ìbòmú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, ó gbé e bò ó ní imú, ó gbé òmíràn bo ara rẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Àyà ọkùnrin náà gbé sókè, ó lọ sílẹ̀, ó tún gbé sókè.

“Bọ́ ọ,” Láníhùn wí.

Kò dúró kó bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó tú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọdé, ó pe Gbádébọ̀, tó wà ní yàrá kejì, pé kó wá gba iṣẹ́. Gbádébọ̀ jókòó lórí àga tó ṣì ń gbóná. Wọ́n bi í pé ta ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹnìkan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Rusakófù ní òun fẹ́ bá Ìbídùn sọ̀rọ̀. Láníhùn fún un ní yàrá ìjẹun, ó ti ilẹ̀kùn fún wọn. Ojú Rusakófù hàn lójú amóhùnmáwòrán, ó wú díẹ̀, bí ojú gbogbo àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

“Ẹ ṣẹ́ mi lápá,” ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú.”

“Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ kí n tó gbéra?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Kí ló wá dé?”

Ìbídùn ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí láti ọjọ́ náà. Gbogbo èyí tó rí ló dà bí ìwàásù. “Mo mọ̀ pé inú máa bí yín,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Mo rò ó pé kí ẹ wà láyé kí inú bí yín ló sàn.”

Ọkùnrin náà wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fa ojú ro.

“Mi ò ní dúpẹ́,” ó wí. “Wọ́n ti pè mí láti ilé ẹjọ́. Wọ́n ní bí mo bá lè sọ pé ká ní mo jí ni, ǹ bá ti gbà, wọ́n máa pa ẹjọ́ náà rẹ́. Àmọ́ irọ́ ni. Bí mo bá jí, mi ò ní gbà. Mi ò sì ní purọ́ nítorí yín.”

“Ẹ má purọ́, sà.”

“Àbúrò mi ò rẹ́ni bá a purọ́.”

“Mo mọ̀.”

Ó ku díẹ̀ kó pa ẹ̀rọ náà. Ó dúró. “Ṣé ẹ̀yin lẹ pariwo?” ó béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó mi orí, ó sì lọ.

Ìyá Ìbídùn wá láti Ìgbòho fún ìgbẹ́jọ́ náà, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Ìyáàfin kan ni adájọ́. Ẹ̀sùn náà kò gùn. Ẹ̀rọ fọwọ́ kan ọkùnrin kan tó ti kọ̀, ó sì ṣẹ́ ẹ lápá. Wọ́n ṣí ọ̀nà fún Rusakófù láti òkè kó sọ tirẹ̀.

“Ṣé ẹ gbà á láyè?” adájọ́ bi í.

“Mi ò gbà á láyè. Títí di ìsinsìnyí, mi ò gbà.”

Ìyá Ìbídùn gbé ọwọ́ lé ẹnu.

“Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ̀ ni ọwọ́ ẹ̀rọ,” Rusakófù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ẹ gbé fídíò tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà jáde kí ẹ gbọ́ ọ. Ìrora ọ̀hún ló jí mi. Èmi ni egungun mi ṣẹ́, òun ló pariwo. Ìgbà tí wọ́n mú àbúrò mi, nǹkan tó mú un ò pariwo. Ó dákẹ́ ni. Mo mọ ọwọ́ ẹ̀rọ, èyí kọ́.”

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó gbójú sókè wo Ìbídùn. “Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí lórí rẹ̀ ni ẹjọ́ yìí dúró. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan ọkùnrin yìí, níbo lẹ wà?”

Láníhùn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn. Òun ló tú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ àga tó jókòó lé. Bí Ìbídùn bá ní òun wà ní Ṣakí, òótọ́ ni, ẹ̀rọ ló sì fọwọ́ kan ọkùnrin náà nìyẹn. Ìbídùn wo àwọn ìka ara rẹ̀. Ó rántí títutù ilẹ̀kùn náà, àti ìwọ̀n ọkùnrin náà, tí kò wúwo rárá.

“Mo wà lókè, mà,” ó wí.

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Adájọ́ yíjú sí Láníhùn, ó ní ṣé ó ní ohun tó fẹ́ sọ sí i. Láníhùn fa súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra. “Mi ò ní, mà,” ó wí.

Wọ́n dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn náà. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ kò yí padà. Ẹni tó bá ti sọ pé “èmi ni” lẹ́ẹ̀kan kò tún lè jókòó lórí àga yẹn mọ́. Láníhùn sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. “Èmi ì bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn,” ó sọ fún un, láìwò ó lójú. Ìbídùn ní òun mọ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Kò tíì lè bá ìyá rẹ̀ lọ. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ti ní kó kọ́kọ́ yà sí yàrá ìtọ́jú ibi iṣẹ́, kò sì sọ ìdí fún un. Dókítà tó bá níbẹ̀ kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní kó jókòó sórí ibùsùn, kó bọ́ bàtà. Ó tan iná sí i lójú. Ó tẹ egungun ìbàdí rẹ̀, ó tẹ orúnkún rẹ̀, ó ní ṣé ó ń dùn ún.

“Kí lẹ ń yẹ̀ wò, Dókítà?”

“Òfin ni, mà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè bọ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lè lọ sílé.”

Ìbídùn wò ó bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ó ti gbé apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè rí nǹkan dì mú.

“Ẹ má yára o,” dókítà náà wí. “Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ̀ wọn kì í tètè mọ ilẹ̀.”

Ìbídùn di apá rẹ̀ mú. Ó fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fi ìkejì kàn án. Lẹ́yìn náà ó rọra dìde.